Kì í ṣe èrò ló ń dá ọ̀dọ́ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó mọ̀ pé wọn ò wá ni

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan. Tí ibà bá dá yín dùbúlẹ̀ sínú yàrá yín lálẹ́ ọjọ́ Ajé, tí iná fóònù yín sì tán, ọjọ́ wo ni ẹnì kan máa tó kan ilẹ̀kùn? Mi ò sọ ọ̀gá ibi iṣẹ́ o, iṣẹ́ tí ẹ kò fi ránṣẹ́ nìyẹn ń wá. Mi ò sì sọ lánlọ́ọ̀dù. Ẹni tó máa wá torí pé ó kíyè sí i pé àga tí ẹ máa ń jókòó sí ṣófo, òun ni mò ń béèrè.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí ìdánìkanwà. Wọ́n ní nínú èèyàn mẹ́fà láyé, ẹnì kan ló ń jìyà rẹ̀, àti pé ó lọ́wọ́ nínú ikú tó lé ní 871,000 lọ́dọọdún. Ẹ lè máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó ni. Rárá o. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 13 sí 29, ìdá 17 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn ń dá wà. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, nǹkan bí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ni, nígbà tó jẹ́ bíi 11 ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó. Torí náà, ẹni tó bá ṣì ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni ìdánìkanwà, kó lọ tún un rò.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò gùn. Mò ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ti fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ tipẹ́ tí wọ́n ń padà. Ohun tó ń dá wọn padà kì í ṣe ìwàásù tó gbóná, kì í ṣe gbọ̀ngàn tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, kì í sì í ṣe iná aláràbarà tó wà lórí pèpéle. Ẹgbẹ́ kékeré ni: ìpàdé ilé lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ akọrin, àwọn mẹ́wàá tó ń ka Bíbélì ní pálọ̀ ẹnì kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí èèyàn, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó tún rí Ọlọ́run. Mo gbà pé ohun tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè wo èèyàn sàn náà ló lè mú kó ṣe èèyàn léṣe, tí a kò bá ṣọ́ ọ.

Agbo ilé ti tú, yàrá kan ló kù

Láyé àwọn bàbá àti ìyá wa àgbà, ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò ní ìtumọ̀. Nínú agbo ilé, tí ẹ kò bá tíì jáde títí aago méje àárọ̀, ìyá kan á ti pe orúkọ yín láti ẹ̀yìnkùlé. Yàtọ̀ sí ẹbí, ẹgbẹ́ tún wà: ẹgbẹ́ ojúgbà, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹgbẹ́ onísúsú. Ó ṣòro kí èèyàn ṣubú kí ẹgbẹ́ kankan má mọ̀.

Ní báyìí, self-contain ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé. Ilẹ̀kùn irin wà níwájú, ògiri gíga wà lẹ́yìn. Ẹni tó ń gbé yàrá kejì, ariwo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ la mọ̀, a ò mọ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ajé wá tún bù ú sí i. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo tí kò tó ₦200 di nǹkan bíi ₦500, ó sì tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Gbogbo èèyàn ló sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ àti owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan mìíràn tó bá a lọ. Kéèyàn kàn gbéra láti Ìyànà-Ìpájà kó lọ kí ọ̀rẹ́ ní Ajah di ohun tí à ń ṣètò owó sílẹ̀ fún. Wọ́n ní ká wá síbi ìgbéyàwó, a kọ́kọ́ ń ṣírò owó aṣọ ẹbí. Sapá kì í ṣe àpò nìkan ló ń gbọ́n gbẹ, ó ń gbọ́n ọ̀rẹ́ náà gbẹ.

Jápa wá kó èyí tó kù. Ẹ ṣí ẹgbẹ́ WhatsApp tí ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ ilé ìwé yín dá sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣe tán, kí ẹ ka iye àwọn tó ṣì wà nílé. Àwọn tó lọ náà kò kúkú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba Bìrìtìkó kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, wọ́n fi òfin náà mú àwọn tó ń wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìsàn. Èèyàn á wá dé ìlú tí òtútù ti ń mú, òun nìkan, iṣẹ́ alẹ́ lálẹ́, oorun lọ́sàn-án. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà níbẹ̀ nípa ẹni tó kọ́kọ́ fún wọn ní ìkòkò, búláńkẹ́ẹ̀tì àti ibi tí wọ́n ti lè ra iṣu, orúkọ ará ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa dá.

Kí ló wà nínú ìpàdé èèyàn mẹ́wàá?

Tí ẹ bá fi ojú lásán wò ó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìjọ Ìràpadà ń pè é ní house fellowship, àwọn ìjọ mìíràn ń pè é ní cell, ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì sì ní oríṣiríṣi ẹgbẹ́ tiwọn láti ìgbà àwọn bàbá wa. Orin díẹ̀, ẹsẹ Bíbélì kan, ìjíròrò, àdúrà, lẹ́yìn náà ẹ̀pà àti omi inú ọ̀rá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn "Àmín." Ẹnì kan ní ọ̀gá òun ń wá ẹni tó mọ ìṣirò owó. Ẹnì kan fẹ́ bímọ lóṣù tó ń bọ̀, ìyá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ṣe agbẹ̀bí rí. Ẹnì kan kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé bàtà tó wọ̀ ti já, wọn ò sì jẹ́ kó mọ ẹni tó sanwó òmíràn.

Ẹ tún kíyè sí i pé ọjọ́ orí àwọn tó wà níbẹ̀ kò dọ́gba. Àwọn ọ̀rẹ́ tí a ń bá ṣeré, ẹgbẹ́ wa ni gbogbo wọn. Ìgbà tí sapá bá mú wa, òun náà ló mú wọn. Nínú ìpàdé ilé, ẹ máa rí ìyá tó ti fẹ̀yìn tì, bàbá tó ń wa ọkọ̀ akérò, ọmọ yunifásítì àti tọkọtaya tuntun. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́ níbòmíràn láàárín ìlú. Àwọn Mùsùlùmí náà mọ ohun tí mò ń wí. Láti ọdún 1995 tí NASFAT ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ló ti rí ẹbí kejì nínú Àsàláátù ọjọ́ Àìkú.

Ìwádìí kan tiẹ̀ wà tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Lọ́dún 2010, Chaeyoon Lim àti Robert Putnam, àwọn onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, wádìí ìdí tí àwọn tó ń lọ ilé ìjọsìn déédéé fi ń sọ pé ayé àwọn tẹ́ àwọn lọ́rùn ju ti àwọn yòókù. Ohun tí wọ́n rí ni pé kì í ṣe lílọ yẹn gan-an ló ń ṣe é. Àwọn tó ń lọ, tí wọ́n sì ní ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ nínú ìjọ, ni inú wọn ń dùn. Ẹni tó ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀, kò sàn ju ẹni tí kì í lọ rárá. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe Ṣómólú. Àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó sáàárín ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn rí, tó jó, tó patẹ́wọ́, tó sì padà sílé láìsí ẹni tó béèrè orúkọ rẹ̀, á mọ̀ pé òótọ́ ni.

Láti pálọ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Àwọn kan á ní nǹkan tuntun ni, pé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ló kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn influenza ń pa èèyàn káàkiri ayé, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà mélòó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti gbàdúrà. Joseph Shadare, àgbà ìjọ, àti Sophia Odunlami tó jẹ́ tíṣà, wà lára wọn. Orúkọ tí ìtàn fi mọ̀ wọ́n ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Láti inú ẹgbẹ́ kékeré yẹn ni gbòǹgbò ohun tó di ìjọ Christ Apostolic lónìí ti wá.

Lọ́dún 1925, Mósè Orímóládé gbàdúrà fún ọmọbìnrin kan ní Èkó, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, tó wà nínú ìran. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbàdúrà pẹ̀lú wọn, ó sì di Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: ẹgbẹ́ ni wọ́n pè é. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Inú ìjọ yẹn ni Josiah Akíndáyọ̀mi ti jáde tó fi dá ẹgbẹ́ àdúrà kékeré sílẹ̀ ní Èkó, èyí tó di Ìjọ Ìràpadà lọ́dún 1952. Lọ́dún 1973, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ bá olùkọ́ ìṣirò kan ní Yunifásítì Èkó pé kó máa kọ́ àwọn ní Bíbélì. Orúkọ olùkọ́ náà ni William Kúmúyì. Ibi tí Deeper Life ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ṣọ́ọ̀ṣì tí ọkọ̀ rẹ̀ ń dí ọ̀nà márosẹ̀ lónìí, inú yàrá kan tí gbogbo èèyàn ti mọ orúkọ ara wọn ló ti jáde. Wọ́n dàgbà tán, wọ́n wá rí i pé àwọn gbọ́dọ̀ padà sínú yàrá yẹn kí àwọn má bàa sọ èèyàn nù láàárín èrò. Lọ́dún 2020, nígbà tí ìjọba ní kí Èkó, Ògùn àti Abújá jókòó sílé láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta nítorí kòrónà, tí gbọ̀ngàn ńláńlá wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹni tó ní ẹgbẹ́ kékeré ṣì ní ẹni tó ń pè é. Ẹni tó ní gbọ̀ngàn nìkan, fídíò ló ń wò.

Bí ìgbàgbọ́ ṣe ń padà

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán orí kọ̀ǹpútà ní Yábàá. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, gbogbo ìlérí tí wọ́n ṣe fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ìgbà náà pé kò ní kú, ó gbà á gbọ́. Ìyá kú. Ó fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ọdún mẹ́rin gbáko. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò bú Ọlọ́run, ó kàn dẹ́kun lílọ.

Ohun tó dá a padà kò jọ nǹkan ńlá. Àwọn tó ń gbé òkè ilé rẹ̀ ń ṣe ìpàdé ilé, wọ́n sì máa ń gbé oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀ fún un lẹ́yìn ìpàdé. Nígbà tó pẹ́, ó gòkè lọ dá àwo padà, ó sì jókòó. Lọ́sẹ̀ kẹfà tàbí keje, ó béèrè ìbéèrè tó ti wà lọ́kàn rẹ̀: "Kí ló dé tí Ọlọ́run kò wo ìyá mi sàn?" Ọkùnrin tó ń darí wọn, ọmọ ọdún bí ọgọ́ta, dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Ọmọ mi, mi ò mọ̀. Èmi náà ti sin ọmọ rí." Ọ̀rẹ́ mi ní ọjọ́ yẹn ni òun tó lè tún gbàdúrà.

Ẹ má kà á sí ìtàn arò lásán. Nínú gbọ̀ngàn, kò sí ẹni tó lè nàwọ́ sókè pé "kò yé mi." Pèpéle kò ṣeé bá jiyàn. Ṣùgbọ́n láàárín èèyàn mẹ́wàá, iyèméjì lè sọ̀rọ̀. Tọ́másì inú Bíbélì gan-an, ìgbà tó dá wà ni kò sí níbẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù rí Jésù. Ó ní òun kò gbà. Wọn ò lé e. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, inú ilé pẹ̀lú wọn ló wà nígbà tó rí ohun tó fẹ́ rí. Ká ní wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nítorí iyèméjì, ibo ni ì bá ti rí i?

Ìgbàgbọ́ tó padà báyìí kì í jọ ti tẹ́lẹ̀. Kì í pariwo púpọ̀. Kì í ṣèlérí ohun tí kò ní. Àmọ́ ó ń tọ́jọ́, torí pé ó ti rí ikú, ó ti rí àìríṣẹ́, kò sì sá.

Ibi tó ti ń wọ́

Ó wá ku apá tí a kì í fẹ́ sọ. Ìfọkàntán ni ẹgbẹ́ kékeré fi ń ṣiṣẹ́, ìfọkàntán náà sì ni gbájúẹ̀ ń wá. Nígbà tí MMM há owó àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, àti nígbà tí CBEX dojú dé ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, kì í ṣe àjèjì ló mú ọ̀pọ̀ èèyàn wọ inú rẹ̀. "Bùrọ̀dá wa ní fellowship ló fi hàn mí" jẹ́ gbólóhùn tí kò ṣàjèjì sí etí ẹnikẹ́ni. Òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ buwọ́ lù lọ́dún 2025 ti sọ irú ètò bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbéni dé ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dá ọ̀rẹ́ padà.

Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́ òfin, ẹ gba ìmọ̀ràn yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjọ tó forúkọ sílẹ̀ ní àwọn olùtọ́jú tí òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 2020, CAMA, dá mọ̀. Ẹgbẹ́ inú pálọ̀ kì í sábà ní. Tí ẹ bá san owó àjọ sínú àkáǹtì ẹnì kan, ẹni yẹn ni ẹ bá ṣòwò, kì í ṣe ìjọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi orúkọ, iye àti ọjọ́ sí i, kódà kó jẹ́ lórí WhatsApp. Ní Èkó, láti ọdún 2018, ilé ẹjọ́ kan wà tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ, àmọ́ ẹ̀rí ni adájọ́ máa béèrè, kò ní béèrè bí ẹ ṣe fẹ́ràn ara yín tó.

Èkejì ni àṣírí. "Ẹ bá mi fi arákùnrin kan sínú àdúrà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ sì ti lọ sílé." Àdúrà nìyẹn àbí òfófó? Abala 37 nínú òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí ohun ẹlẹgẹ́ tí a kò gbọ́dọ̀ máa fi ṣeré. Kí a pe orúkọ Ọlọ́run sí i kò sọ àṣírí ẹni di ti gbogbo ayé.

Ẹ̀kẹta, ẹgbẹ́ tó mọ̀ pé ẹ kò wá lè di ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ yín. Ó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "a ò rí yín," ó ń parí sí "ta ló fún yín láyè?" Wọ́n á mú ẹsẹ Hébérù tó ní ká má kọ ìpéjọpọ̀ sílẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di pàṣán. Wọ́n á fẹ́ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ́, iye tí ẹ ń gbà, ìdí tí ẹ fi wọ irú aṣọ yẹn. Abala 38 fún gbogbo wa lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ohun tó bá wù wá gbọ́, láti sìn nìkan tàbí pẹ̀lú àwọn mìíràn, àti láti yí ìgbàgbọ́ wa padà. Abala 40 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́. Ẹ̀tọ́ láti wọlé kò pé tí ẹ̀tọ́ láti jáde kò bá sí níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìtàn ọdún 1918 tí mo sọ ní apá kejì. Àwọn tó gbàdúrà nígbà yẹn kọ oògùn sílẹ̀ pátápátá, ti òyìnbó àti ti ìbílẹ̀. Ó yé mi nígbà yẹn, torí ilé ìwòsàn kò rí nǹkan kan ṣe sí àrùn náà. Lónìí, ẹgbẹ́ tó bá ní kí aláìsàn jẹjẹrẹ tàbí aláboyún má lọ sọ́dọ̀ dókítà, kì í ṣe ìgbàgbọ́ ló ń kọ́ wọn. Ẹ sá jáde níbẹ̀.

Ìjọba ń kọ́?

Ohun kan ń bí mi nínú nígbà tí àwọn olóṣèlú bá ń yin ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pé wọ́n ń ran ará ìlú lọ́wọ́. Òfin ìlera ti ọdún 2022, NHIA, ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ìdánilójú ìtọ́jú ìlera. Síbẹ̀, ẹ wo iye ìgbà tí ẹ ti rí i tí ìpàdé ilé ń gbá owó jọ, ₦2,000 síbí, ₦5,000 sọ́hùn-ún, kí wọ́n lè tú aláboyún tó ti bímọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ìfẹ́ nìyẹn lóòótọ́. Ẹ̀rí ìkùnà ìjọba náà nìyẹn. Méjèèjì ló wà nínú apò ìwé kan náà.

Lọ́dún 2018, Bìrìtìkó yan mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà. Mi ò sọ pé kí a fi mínísítà mìíràn kún àwọn tí a ní, wọ́n ti pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n kánsù lè tún gbọ̀ngàn ìlú ṣe. Ó lè jẹ́ kí pápá ìṣeré wà láìjẹ́ pé wọ́n tà á fún akọ́lé. Ó lè ṣí ilé ìkàwé. Ọ̀dọ́ tí kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò sì lọ mọ́ṣáláṣí, ibo ni kó ti rí èèyàn bí kò ṣe ilé ọtí tàbí ilé tẹ́tẹ́? Kò yẹ kó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kí ẹnì kan mọ orúkọ òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san ìdámẹ́wàá.

Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta wọ̀n ọ́n

Ẹ̀yin tí ẹ ń rò ó pé kí ẹ padà, tàbí tí ẹ̀gbọ́n kan ti ń pè yín sí ìpàdé ilé láti ìgbà yìí, mi ò ní sọ pé kí ẹ má lọ. Ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta wọ̀n wọ́n kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Àkọ́kọ́: tí ẹ kò bá wá lẹ́ẹ̀mejì, ṣé èèyàn ló wá sílé yín àbí kúẹ́rì? Ẹni tó béèrè pé "ṣé ara yín yá?" yàtọ̀ sí ẹni tó béèrè pé "kí ló dé tí ẹ ò wá?"

Èkejì: ṣé ẹ lè sọ pé "kò yé mi" tàbí "mi ò gbà bẹ́ẹ̀" kí wọ́n má sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé ẹ̀mí kan jáde lára yín?

Ẹ̀kẹta: ẹ wo àwọn tó ti kúrò níbẹ̀. Ṣé wọ́n ṣì ń kí wọn? Ṣé wọ́n lọ síbi ìkómọ wọn? Ẹgbẹ́ tí kò sọ ẹni tó lọ di ọ̀tá, ẹ lè fọkàn tán an.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni ẹ ń ṣe, a kì í sì í dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tó. Ìwé tí ẹ fi ń kọ orúkọ àwọn tó wá sílẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun méjì ni a lè fi irú ìwé yẹn ṣe. Èèyàn lè fi kó iye orí ránṣẹ́ sí pásítọ̀ àgbà, kí wọ́n lè sọ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dàgbà. Ó sì lè ṣí i lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó fi ìka lé orúkọ tí kò ní àmì níwájú, kó gbé fóònù. Tí fóònù kò bá lọ, kó wọ bàtà.